Àwọn Àwo Kékeré Tí Fẹlá Ṣe Kó Tó Di Fẹlá

Òjò ti dá díẹ̀ ní Odigbó níbí, mo sì ráyè jókòó ti ìbéèrè kan tó ti wà nílẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Nọ́wè báyìí, ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ ń fi owó gidi ra kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan, èyí tí àwọn ọmọ langba fi ẹ̀rọ pọ́ọ́kú gba orin sí. Orin náà kò já geere, igbe ló pọ̀ nínú ẹ̀, gìtá sì ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn la pákó. Ó ní, "Bàbá, kí ni wọ́n ń gbọ́ nínú ẹ̀? Ṣé àwa náà ní irú ẹ̀?"

A ní in. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní dẹ́mò, torí gbogbo ènìyàn kọ́ ló mọ̀ ọ́n.

Tí ẹ bá lọ ra gàrí lọ́jà Ọ̀rẹ̀, ìyá tó ń tà á yóò ní kí ẹ bu díẹ̀ sẹ́nu kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó kan tàbí kò kan. Ìtọ́wò nìyẹn. Dẹ́mò ni ìtọ́wò àwọn olórin. Ẹgbẹ́ tí ilé-iṣẹ́ kankan kò tíì mọ̀ yóò kó ara wọn jọ sí yàrá kan, wọn yóò gba orin bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sórí téèpù, wọn yóò wá fi ránṣẹ́ sí àwọn tó lè fún wọn níṣẹ́. Ní ilẹ̀ Nọ́wè, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Mayhem ṣe tiwọn ní 1986. Òmíràn, Darkthrone, ṣe mẹ́rin láàárín 1988 àti 1989, èyí tó gbẹ̀yìn ló sì jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n. Orin wọn ni wọ́n ń pè ní black metal. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni kásẹ́ẹ̀tì yẹn ń lọ: ẹnì kan yóò dà á kọ, yóò fi í sínú àpò ìwé, ó di ilé ìfìwéránṣẹ́. (Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó wà nídìí orin yẹn dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó yá. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tòní, àmọ́ n kò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì kẹ́ ẹ wá rò pé mo fi bò yín ni.)

Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní àwọn ọdún 1960, ta ló ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ nílé? Ilé-iṣẹ́ rédíò ló ní i, ilé-iṣẹ́ àwo orin ló ní i, ó ku àwọn ọlọ́rọ̀ díẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì pàápàá, ọdún 1963 ni ilé-iṣẹ́ Philips ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde, ó sì pẹ́ kó tó di ohun tí mẹ̀kúnnù ń rà. Torí náà, olórin wa kì í ṣe dẹ́mò. Àwo kékeré ló máa ń ṣe, èyí tó ń yí ìgbà 45 láàárín ìṣẹ́jú kan, orin kan níwájú, orin kan lẹ́yìn. Tó bá tà, wọ́n á ní kó padà wá ṣe òmíràn. Tí kò bá tà, ó parí nìyẹn. Ní tèmi o, àwo kékeré yẹn ni dẹ́mò tiwa, ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju pé iwájú gbogbo ayé ni wọ́n ti ń tọ́ ọ wò.

Ẹni tí mo sì fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ ni ẹni tí gbogbo yín mọ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò sì mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Fẹlá ni.

Fẹlá Ransome-Kútì, ọmọ Abẹ́òkúta, tí wọ́n bí ní 1938, ti bá ẹgbẹ́ Victor Ọláìyá kọrin díẹ̀ ní Èkó kó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Àwọn òbí rẹ̀ ń retí dókítà. Trinity College of Music ló lọ, ó lọ kọ́ trumpet. Níbẹ̀ lòun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, J. K. Braimah, ti dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Koola Lobitos sílẹ̀. Wọ́n gba orin díẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Melodisc ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ tó máa ń ta orin fún àwọn èèyàn dúdú tó wà nílùú òyìnbó. Nígbà tó padà wálé ní 1963, rédíò ìjọba àpapọ̀, NBC, gbà á síṣẹ́. Ó tún ẹgbẹ́ kó jọ pẹ̀lú orúkọ kan náà. Láti 1963 sí 1969, wọ́n ṣe àwo kékeré lóríṣiríṣi, ti Parlophone ló pọ̀ jù níbẹ̀, Philips náà sì ṣe díẹ̀.

Ẹni tó bá mọ *Zombie* tàbí *Lady* nìkan, tó wá gbé ọ̀kan nínú àwọn àwo yìí sórí ẹ̀rọ, yóò rò pé wọ́n ta ayédèrú fún òun ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, orin ti tán! Ẹ rántí pé nígbà tó di 1975, *Confusion* nìkan gba iwájú àti ẹ̀yìn àwo ńlá kan. Ṣùgbọ́n nínú Koola Lobitos, fèrè ń yára, trumpet ló wà lọ́wọ́ Fẹlá, kì í ṣe saxophone. Kò sí ìjọba tí wọ́n ń bú. Orúkọ àwọn orin náà tó láti sọ ohun tó wà nínú wọn: *Lagos Baby*, *Ọ̀mùtí Ti Ṣe*, *Olólùfẹ́*, *Mi Ò Fẹ́*, *Ọmọ Ejò*, *Onífèrè*. Ọ̀rọ̀ obìnrin, ọ̀rọ̀ ọtí, ọ̀rọ̀ ìgboro. Orin ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé ni.

Ẹ tún gbọ́ bí wọ́n ṣe gbà á. Ní ayé ìgbà yẹn, kì í ṣe pé oníṣẹ́ yóò gba ìlù lónìí, kó gba gìtá lọ́la, kó wá lẹ̀ wọ́n pọ̀ bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo ẹgbẹ́ ló máa ń dúró sójú kan, gbohùngbohùn kò pọ̀, wọn a sì lu gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ṣìṣe, àṣìṣe rẹ̀ wọ inú àwo nìyẹn, àfi kí wọ́n tún un ṣe látòkè délẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fèrè fi máa ń bo orin mọ́lẹ̀ nígbà míì. Àwo kan tiẹ̀ wà tí wọ́n gbà ní ojú agbo gan-an, ní Afro-Spot tó wà ní Yábàá, níbi tí Fẹlá ti ń ṣeré; Philips ló gbé e jáde. Nínú gbogbo wọn, òun ló sún mọ́ kásẹ́ẹ̀tì àwọn ará Nọ́wè jù.

Kí ló wá wà nínú wọn tó yẹ ká wá kiri? Ohun méjì ni mo máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí.

Èkíní ni èdè. Yorùbá ló pọ̀ nínú àwọn orin wọ̀nyẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Fẹlá ti yí sí èdè pìjìn, ó ní òun fẹ́ kí gbogbo Áfíríkà gbọ́ òun. Òótọ́ ni. Àmọ́ bí ẹ bá tẹ́tí sí àwo àtijọ́ yẹn dáadáa, ẹ lè gbọ́ ìdí mìíràn tí ẹnikẹ́ni kì í sọ. Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn. Ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ tí ìyàwó ń gbọ́ únjẹ fún, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ Èkó: ohùn ló yà wọ́n. Bí orin bá ń lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ sílẹ̀, ìtumọ̀ dàrú. Highlife ti ní bátànì orin tirẹ̀, tó ti inú ohun èlò òyìnbó àti orin Gánà wá. Ní etí tèmi, ibi kan wà nínú àwọn àwo Koola Lobitos tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ń jìjàkadì pẹ̀lú orin, tí ẹ óò máa wò ó pé ta ni yóò dá èkejì. Oníjùjú àti alápàlà kò ní wàhálà yìí, torí ọ̀rọ̀ ló ń ṣáájú tiwọn, orin ń tẹ̀ lé e.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà dùn ni pé bàbá bàbá Fẹlá ti bá ìjàkadì yìí kan náà pàdé ní ìran méjì ṣáájú. Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì, ẹni tí wọ́n bí ní 1855, rí i pé orin ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì ń ba Yorùbá jẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ìjọ. Ẹ ti kọ irú ẹ̀ rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ló bá ń ṣe orin tirẹ̀ tó bá ohùn ọ̀rọ̀ mu. Ní 1922, nígbà tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó gba orin 43 sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ó wà lára àwo orin Yorùbá tó pẹ́ jù lọ tí ọwọ́ ṣì lè tẹ̀ lónìí. Bàbá àgbà fi ọ̀rọ̀ ṣáájú. Ọmọ ọmọ kọ́kọ́ fi fèrè ṣáájú, ó wá wá èdè míì tó gba fèrè. A kò bá má mọ èyí bí kò bá sí àwọn àwo kékeré yẹn.

Èkejì ni ìlù. Tony Allen, ọmọ Èkó, darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ náà ní nǹkan bí 1964. Ó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ nílé-iṣẹ́ rédíò rí, kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ìlù ní ilé ẹ̀kọ́ kankan. Àwo Max Roach àti Art Blakey, àwọn onílù jazz ní Amẹ́ríkà, ló fi kọ́ ara rẹ̀. Ẹ fi àwo ìbẹ̀rẹ̀ àti àwo ìparí Koola Lobitos ṣíra wọn. Nínú ti ìbẹ̀rẹ̀, ìlù ń ṣe bí ìlù highlife ti ń ṣe, ó ń gbé orin lọ bí ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà ọ̀dà. Nígbà tó fi máa di *Everyday I Got My Blues*, apá ọ̀tún kò tẹ̀ lé apá òsì mọ́, ẹsẹ̀ sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tó ń sọ. Ohun tí gbogbo ayé ń pè ní Afrobeat lónìí ti ń yọjú níbẹ̀, lábẹ́ orin soul tí wọ́n ń sín jẹ. Èmi kì í fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé Amẹ́ríkà ni Fẹlá ti lọ rí Afrobeat he bí ẹni rí owó nílẹ̀. Ẹ lọ gbọ́ ìlù yẹn.

Kí ló dé tí ó fi wá di soul? Geraldo Pino, ọmọ Sierra Leone, ló gbé orin bíi ti James Brown wọ Èkó pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń dún kíkankíkan, gbogbo ọ̀dọ́ sì rọ́ tẹ̀ lé e. Fẹlá rí i pé ọjà ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà sì ti kàn wá ní agbègbè Ọ̀rẹ̀ níbí nìyí. Àwọn ọmọ Ìlà-oòrùn ló pọ̀ nínú àwọn tó ń lu highlife ní Èkó. Nígbà tí wàhálà 1966 bẹ̀rẹ̀, tí ogun sì tẹ̀ lé e ní 1967, wọ́n padà sílé. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá odò Ọya, wọ́n gba Benin lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ń bọ̀ tààrà lójú ọ̀nà Èkó. Victor Bánjọ, ọmọ Yorùbá, ló ṣíwájú wọn. Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n dé. Ọ̀rẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró, ní nǹkan bí 200 kìlómítà sí Èkó. Àwọn tó ń sọ pé "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" títí dòní, kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ̀ pé ìjà yẹn ní ọdún àti oṣù. Ogun náà kó bá highlife: àwọn tó ń fọn fèrè ti lọ, jùjú Ebenezer Obey àti ti Sunny Adé, ọmọ Oǹdó tiwa, gba ojú agbo. Olórin highlife tó kù ní Èkó gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà míì. Àwọn àwo Fẹlá ti 1967 sí 1969 ni ìwé ẹ̀rí bó ṣe ń wá a.

Ní 1969, ẹgbẹ́ náà lọ sí Amẹ́ríkà, owó tán lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì ní ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́. Ní Los Angeles, wọ́n gba orin mẹ́wàá sílẹ̀ ní kánmọ́kánmọ́. Ọ̀kan nínú wọn, *Viva Nigeria*, ń bẹ̀bẹ̀ fún ìṣọ̀kan Nàìjíríà lójú ogun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Fẹlá gẹ́gẹ́ bí elénìní ìjọba, ẹ lọ gbọ́ ọ, ẹ óò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó di 1971 kí *Jẹun Kó O Kú* tó gbòde kan, ìyókù sì ti di ìtàn tẹ́ ẹ mọ̀.

Báwo wá ni àwọn àwo ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ṣe là á já? Ibí yìí gan-an ló dùn mí. Ọdún bíi mẹ́rin ṣáájú òpin ayé Koola Lobitos, kò sí ẹni tó ro pé àwo tí kò tà yóò wúlò fún nǹkan kan. Ilé Fẹlá fúnra rẹ̀ ní Kalakuta, àwọn sójà dáná sun ún ní ọjọ́ 18 oṣù kejì, 1977, orin fíìmù tó ń ṣe lọ́wọ́ náà sì bá iná lọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá fẹ́ kó àwọn orin 1963 sí 1969 jọ, ọwọ́ àwọn tó ra àwo náà ní ìgboro ni wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Toshiya Endo, ará Japan, sapá púpọ̀ lórí ẹ̀. Ní 2016, wọ́n gbé wọn jáde ní Amẹ́ríkà nínú páálí kan, àwo mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ óò gbọ́ kùù-kùù àti ṣáá-ṣáá abẹ́rẹ́ lórí àwo tó ti họ. Ariwo abẹ́rẹ́ yẹn, àpẹẹrẹ pé ẹnì kan lo àwo náà nílé rẹ̀ ni, tó fi ṣe ìnáwó, tí kò sì jù ú nù.

Ó wá kan kásẹ́ẹ̀tì ilé wa. Nígbà tó yá, kásẹ́ẹ̀tì ló gba ibi gbogbo, pàápàá lẹ́yìn tí ètò SAP ti 1986 sọ àwo di ọ̀wọ́n gógó. Ọ̀rẹ̀ jẹ́ oríta: ọkọ̀ Benin, ọkọ̀ Èkó, ọkọ̀ Oǹdó, ọkọ̀ Òkìtìpupa, gbogbo wọn ló ń dúró níbẹ̀ jẹun, àwọn ọmọ tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì a sì máa sáré yí wọn ká. Yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n tà, èyí tí àwọn èèyàn gbà fúnra wọn tún wà. Ẹni tó ní rédíò-kásẹ́ẹ̀tì yóò gbé e lọ síbi òkú àgbà, ibi ìwúyè, ibi ìgbéyàwó, yóò tẹ ibi pupa, yóò gba bírípo àwọn Ìkálẹ̀, orin aṣíkò bíi ti Comfort Omoge, ìjálá ọdẹ, ẹkún ìyàwó. Àwọn tó kọrin náà kò lọ sítúdíò kankan rí. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ló kù láyé. Mo ti rí i nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ti rí i níbi tí àwọn ọmọ ti fa téèpù rẹ̀ jáde tí wọ́n fi ń so àwòdì oníwèé.

Òtútù igbó wa yìí ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun lára téèpù, èbu ni, ẹ má ṣe lù ú rárá títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi nù ún, torí yóò já, yóò sì ba orí ẹ̀rọ jẹ́. Ẹ má fi sórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ nínú oòrùn, ẹ má sì gbé e ti agbóhùn ńlá, torí irin òòfà tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wo òkè kásẹ́ẹ̀tì náà: eyín kékeré méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan fún ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ṣọ́bìrì ẹnu kọ́kọ́rọ́ ṣẹ́ méjèèjì dànù, kò sí ọmọ tó lè gba orin tuntun lé e lórí mọ́. Bí téèpù bá dẹ̀, ẹ ki bíró sínú ihò rẹ̀, ẹ fi yí i padà díẹ̀díẹ̀, bí a ti ń ṣe nígbà náà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi sípírítì àti òwú nu orí ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi wáyà so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí WAV, kì í ṣe MP3, torí MP3 máa ń gé ara ohùn dànù. Kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 60 yóò gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú kan. Ẹ jẹ́ kó lù tán, ẹ má fò ó, torí ìgbà míì ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ láàárín orin méjì ló ṣe pàtàkì jù. Bí kò bá sí wáyà, ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbóhùn nínú yàrá tó dákẹ́. Kò dára tó, ṣùgbọ́n ó sàn ju òfo lọ.

Kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sórí páálí rẹ̀ pé: ta ló ń kọrin, ìlú wo, ọdún wo, ayẹyẹ ta ni. Bí ẹ kò bá mọ ọdún, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá yín ọmọ ta ni ó wà lẹ́yìn nígbà náà, ẹ ó fi ṣírò ọdún. Ẹni tó bá ní irú kásẹ́ẹ̀tì yìí ní Ọ̀rẹ̀, Odigbó tàbí Arárọ̀mí, tí kò sì ní ẹ̀rọ tó lè lù ú, ẹ̀rọ kan ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé mi, ọjọ́ Sátidé ni mo sì máa ń ráyè.